Adìyẹ Kentucky lálẹ́ Kérésìmesì ní Nagoya: ṣé oúnjẹ Amẹ́ríkà ṣì ni?

Ará Nagoya

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ó sì ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọdún 11 ni mo lò ní Houston kí iṣẹ́ tó gbé èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa wá sí Nagoya ní Japan. Ọdún kẹta wa nìyí. Ní Houston, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ ń bọ̀, inú ọkọ̀ ni mo ti ń ra adìyẹ díndín lójú fèrèsé wọn, inú ọkọ̀ náà ni mo ti ń jẹ ẹ́, ọwọ́ kan lórí sítíárìn. Mi ò kà á sí oúnjẹ. Ohun tí mo fi ń dá ebi dúró títí màá fi délé jẹ ẹ̀bà ni.

A dé ibí, a ò lè ka ohunkóhun lára ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, bí a ṣe jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo rí pátákó pupa àti funfun kan, mo sì rí ère bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo ti ń ṣe àjòjì ní Texas fún gbogbo ọdún yẹn, ère bàbá Kentucky ni mo rí tí ara mi wá balẹ̀ bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lójà. Ìyàwó mi ní, "Ọpẹ́ o, a ti rí ohun tí a mọ̀."

A ò mọ̀ ọ́n. Bébà tó lọ́rinrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún wa láti nuwọ́. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n pè ní ńlá, kékeré ni yóò jẹ́ ní Houston, kò sì sí pé o tún ń padà lọ bù sí i. Mo fi ẹyọ owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn, ó sáré tẹ̀lé mi dé títì pé mo gbàgbé owó mi. Nígbà tí a jẹun tán, yìnyín àti omi tó kù ní ihò tirẹ̀, bébà ní tirẹ̀, ọ̀rá ní tirẹ̀. Bàbá kan tó wọ kóòtù dúró tì mí, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn mí, ó tẹrí ba, ó lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bi ìyàwó mi bóyá a ti forúkọ sílẹ̀ fún Kentucky. Ìyàwó mi rò pé òun ṣi èdè gbọ́ ni. Àṣé adìyẹ Kérésìmesì ni ìyá ń wí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ: Kérésìmesì kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi níbí. Àwọn onígbàgbọ́ tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1974 ni ilé iṣẹ́ Kentucky, tí wọ́n tún ń pè ní KFC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó káàkiri Japan pé adìyẹ àwọn ni oúnjẹ Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Nagoya wa níbí gan-an ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní Japan, ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á wò níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Osaka lọ́dún kan náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra adìyẹ yìí fún nígbà yẹn ti ń rà á fún ọmọọmọ rẹ̀ báyìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, mo lọ gba tiwa. Òtútù mú gan-an. Àwọn ọkùnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tò láti ẹnu ọ̀nà lọ dé kọ̀rọ̀, oníkálukú mú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì. Wọ́n ti wọ aṣọ pupa Bàbá Kérésìmesì fún ère ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà ti gbé àkàrà òyìnbó funfun tó ní sitirọ́bẹ́rì lórí wá fún wa, àwa náà bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún un. A jókòó sídìí tábìlì, a gbàdúrà, a ṣí àpótí adìyẹ. Ọmọ mi ní, "Dádì, èyí dùn ju ti Houston lọ."

Mo tọ́ ọ wò dáadáa. Iyọ̀ ọ̀hún kéré sí ti Houston lẹ́nu mi, òróró rẹ̀ kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn ni ọmọ ń wí.

Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ òkèèrè, kí ni ẹ bá ní tiyín? Ṣé oúnjẹ Amẹ́ríkà ṣì ni nǹkan wọ̀nyí?

Ìyá Ìbejì, Houston

Àbúrò mi, o kú àtìjọ́. Inú mi dùn pé ara yín le níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn-ún kà, ṣùgbọ́n màá sọ tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́ jù. Mo ń rí àwọn èèyàn wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti dá dùbúlẹ̀, àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Tí mo bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ, ojú fèrèsé tí o sọ yẹn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì lóòjọ́, tó ní ọmọ nílé, ìgbà wo ló fẹ́ gún iyán? Ní àdúgbò mìíràn níbí, kí o tó rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ tútù, wàá ti kọjá ṣọ́ọ̀bù bọ́gà mẹ́rin.

Nítorí náà, má jẹ́ kí ọmọ rẹ rò pé adìyẹ yẹn ni ayẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò burú. Jọ̀ọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Sùúrù, Súrùlérè

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín.

Ohun tí ọ̀gbẹ́ni Nagoya kọ yìí mú mi rántí Èkó nígbà tí àwọn ọmọ mi kéré. Ọdún 1986 ni ilé iṣẹ́ UAC gbé Mr Bigg's kalẹ̀. Kì í ṣe ti òyìnbó Amẹ́ríkà, ti UAC ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e gbà: kọ́ńtà, àwòrán oúnjẹ lókè, aṣọ pupa lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní bọ́ aṣọ, ibẹ̀ la máa gbà lọ tààrà. Mítípáì àti ayìsìkirîmù. Ẹni tó bá ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi máa sọ ọ́ ní kíláàsì ọmọ náà. Ọmọ mi àgbà tó wà ní Kánádà báyìí, tó lè ra ilé bọ́gà kan tán tó bá wù ú, mítípáì ọjọ́ yẹn ló ṣì ń bi mí léèrè.

Mo lọ kí i lọ́dún kan, ó mú mi lọ sí ilé bọ́gà kan lẹ́bàá títì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Mo ní, ṣé nǹkan tí a ń wọ agbádá lọ jẹ nìyí?

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ̀bi, òun náà ò sì jẹ̀bi. Oúnjẹ kan náà ni, ibi tí wọ́n fi í sí nígbèésí ayé ni kò dọ́gba. Ní ọ̀dọ̀ yín, ẹni tí kò ráyè ló ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ẹni tó dìídì wá àyè ni.

Ọmọ Peckham

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà.

Tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Gúúsù London ni wọ́n ti bí mi, ọmọ Ìjẹ̀bú làwọn òbí mi. Ṣọ́ọ̀bù adìyẹ pọ̀ ní àdúgbò wa bí ilé oògùn. Orúkọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Pakistan, Bangladesh tàbí Afghanistan ló sábà máa ń ni wọ́n, ẹran wọn sì jẹ́ hàláálì. Apá adìyẹ àti pòtétò díndín nínú àpótí kékeré, ata pupa lórí. Tí ilé-ìwé bá ti jáde, ibẹ̀ la máa ń kóra jọ sí, nítorí kò síbòmíràn tí wọ́n lè gba ọmọ ọdún 13 láàyè pé kó jókòó pẹ̀lú owó kékeré. Bàbá tó ń dín adìyẹ mọ orúkọ gbogbo wa. Ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, á fi ẹyọ kan kún tirẹ̀.

Mo ti dé Amẹ́ríkà. Mo wá adìyẹ yẹn, mi ò rí i. London ló ni ín.

Alhaja, Kuala Lumpur

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ará.

Ọkọ mi ń kàwé gboyè dókítà ní Malaysia, ọdún kẹrin wa nìyí. Nígbà tí a wà ní Ìlọrin, mo máa ń yẹra fún ilé oúnjẹ tí orúkọ rẹ̀ bá ti jẹ́ ti òkèèrè, nítorí mi ò mọ ọwọ́ tó pa ẹran náà. Níbí, KFC àti McDonald's ní ìwé ẹ̀rí hàláálì láti ọ̀dọ̀ JAKIM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àmì yẹn lára ilẹ̀kùn, mo dúró kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá wo oṣù ààwẹ̀. Tó bá ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí oòrùn wọ̀, gbogbo àga ti kún. Tẹbítọmọ, oúnjẹ wà níwájú kálukú, adìyẹ ń gbóná, ohun mímu ń làágùn nínú kọ́ọ̀pù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọdé pàápàá ń wo ògiri. Bí ìró ìrun àṣálẹ́ bá ti wọlé, o máa gbọ́ "bismillah" káàkiri, wọ́n á wá fi dàbínù ṣínu kí wọ́n tó kan adìyẹ. Ilé bọ́gà Amẹ́ríkà ni o! Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀ lọ́dún tí a kọ́kọ́ dé, nítorí pé mo ti rò pé ìṣínu àjèjì nìkan la máa ṣe.

McDonald's wọn níbí tún ń ta ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n já ẹran adìyẹ sí, tó ní ata àti àlùbọ́sà díndín lórí. Ara mi kì í yá, òun ni ọkọ mi máa ń rà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pune

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Ní India tí mo wà, McDonald's dé ní 1996, kò sì ta ẹran màlúù rí, kò ta ẹlẹ́dẹ̀. Adìyẹ àti ẹja wà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi jù ni McAloo Tikki: pòtétò tí wọ́n gún pẹ̀lú ẹ̀wà tútù àti èròjà, tí wọ́n dín, tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì. Ilé ìdáná wọn pín sí méjì. Ẹni tó ń ṣe oúnjẹ aláìlẹ́ran kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ẹlẹ́ran, ohun èlò wọn ò papọ̀, ẹ̀wù ìdáná wọn pàápàá yàtọ̀ síra.

Ọ̀rẹ́ mi kan mú ìyá rẹ̀ wá láti abúlé. Ìyá náà ò jẹ ẹran láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè nípa òróró wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọkùnrin kọ́ńtà dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ó ní kó wá wo ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Ìyá wò ó, ó padà wá, ó jẹun.

Èmi ò gbádùn búrẹ́dì onípòtétò yẹn, ẹran ló ń wù mí. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Alásè Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe. Nígbà tí KFC dé Èkó ní 2009, ìgbà tó yá, wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù sórí pátákó wọn. Adìyẹ tí wọ́n ń dín, nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń sìn ín, nítorí ìjọba ò gbà kí wọ́n máa kó adìyẹ dídì wọlé. Adìyẹ tiwa, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tiwa, orúkọ tiwọn. Àwọn ọmọ tó ń tò síbẹ̀ kì í bi mí ní iye tí mo ń ta tèmi, wọ́n ti gbà pé tibẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Mo sì ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ará Nagoya, ẹ sọ èyí fún mi: àwọn ará Japan náà, ṣé wọ́n kàn ń jẹ ti àlejò ni, àbí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀? Àti ìbéèrè iṣẹ́: báwo ni adìyẹ wọn ṣe ń jinná dé eegun tí ẹran rẹ̀ kì í gbẹ? Tèmi, tí mo bá dín in dé eegun, ara rẹ̀ á ti le.

Ará Nagoya

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Alásè ṣáájú, nítorí ìbéèrè gidi ni.

Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, mà. McDonald's ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ginza, ní Tokyo, ní oṣù keje ọdún 1971. Nígbà tó fi máa di 1972, ọmọ Japan ti ṣí MOS Burger tirẹ̀. MOS yìí ló kọ́kọ́ fi ọbẹ̀ teriyaki, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi ṣúgà sí, sínú bọ́gà ní 1973. McDonald's ò ta irú rẹ̀ títí di 1989. Ẹ ò rí i pé àlejò ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onílé. Ní 1987, MOS tún yọ búrẹ́dì kúrò pátápátá, wọ́n fi ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe ìdérí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Mo jẹ èyí tó ní ẹja díndín nínú, mo sì ń ronú pé kí ló ṣe tí kò sí ẹni tó fi mọ́ínmọ́ín ṣe irú rẹ̀. Mà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ní ti adìyẹ: Harland Sanders, tí ère rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ilé epo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ ní Corbin, ní Kentucky. Agbada lásán ń fi àkókò àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣòfò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín adìyẹ nínú ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ dì pa, tí ooru inú rẹ̀ kò lè jáde. Ooru tó há mọ́ inú yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ara ẹran gbẹ, òun náà ló ń mú kó yá jinná. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò pẹ̀lú ìkòkò tí a fi ń se ẹran líle nílé. Wọn ò ṣe é fún òróró gbígbóná, ó lè bú gbàmù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un wà lọ́tọ̀.

Alhaja, ohun tí ẹ kọ nípa ìṣínu wọ̀ mí lára. Níbí, ẹ ní láti ṣọ́ra. Ìyàwó mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ní ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, ó ti jẹ ìdajì kí ẹnì kan tó sọ fún wa pé wọ́n máa ń lọ ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀. Gbogbo alẹ́ yẹn ni inú rẹ̀ bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ọmọ wa ló ń ka ìwé fún wa. Ó ti mọ̀ ọ́n kà jù wá lọ.

Ìyá Ìbejì mi, mo gbọ́, mà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ère yẹn. Lọ́dún 1985, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Hanshin Tigers borí nínú líìgì wọn, àwọn olólùfẹ́ wọn kún orí afárá Dotonbori ní Osaka. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá jọ ẹni tí wọ́n pè á bẹ́ sódò. Ó kan Randy Bass, ọmọ Amẹ́ríkà onírùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó jọ ọ́. Ni wọ́n bá lọ gbé ère bàbá Kentucky, wọ́n jù ú sómi. Hanshin gba ife Japan lọ́dún yẹn, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò gbà á mọ́. Àwọn èèyàn ní bàbá ló ń bínú. Oṣù kẹta ọdún 2009 ni wọ́n tó rí ère náà nísàlẹ̀ odò, láìsí gíláàsì ojú rẹ̀, láìsí ọwọ́ òsì. Ọdún 2023 ni ẹgbẹ́ náà tó tún gba ife ọ̀hún.

Alásè Abẹ́òkúta

Ọdún 38! Ẹni tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, tó ti ń ṣọ́ ilé, ẹ lọ jù ú sódò? Àwa náà ò jẹ́ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Tí mo bá fi èyí tó yi, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, tí mo gé e pẹlẹbẹ, tí mo dín ojú rẹ̀ díẹ̀, tí mo wá fi ẹja sáwà sáàárín. Màá dán an wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Houston

Alásè, òróró díẹ̀ o.

Bàbá Sùúrù, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta, sà. Nígbà tí àwọn ìbejì mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo kó wọn wá sílé. Ìyá mi, tí kò wọ ilé bọ́gà rí, ti ń tọ́jú owó láti oṣù mẹ́ta kó lè mú wọn lọ jẹ "oúnjẹ ìlú wọn". Ó ró aṣọ òkè, ó wé gèlè. Àwọn ọmọ ní àwọn ò fẹ́, pé àkàrà ni kí Màmá dín. Mo bá wọn wí lọ́jọ́ yẹn nítorí ojú ìyá mi, wọ́n sì lọ. Ó ti di olóògbé báyìí. Fọ́tò tí wọ́n yà níbẹ̀ ló wà lára ògiri mi, tòun ti gèlè, tòun ti pòtétò díndín lọ́wọ́.

Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi nípa ẹ̀jẹ̀ ríru padà. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn wà níbẹ̀.

Bàbá Sùúrù, Súrùlérè

Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún ìyá wa.

Ará Nagoya

Àmín, sà.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ọdún yìí ti jáde lánàá. Ọmọ mi ló kọ ọ́, ó kọ ènìyàn mẹ́rin dípò mẹ́ta. Ọmọ ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ wa kò ní lè wá láti Tokyo lọ́dún yìí, ìyá náà sì ti ní òun kò ní ra nǹkan kan nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Aago méje alẹ́ ni wọ́n fún wa. Ìyàwó mi ti ń bi mí pé ibo la ti máa rí ata rodo fún ìrẹsì.